Ẹran Ọgbẹ́ inú Tẹlifíṣọ̀n

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná ló gbé ẹ̀rọ géèmù náà wá sílé wa ní Kábà, ní Kérésìmesì kan, ọdún díẹ̀ kí wọ́n tó gé wa kúrò lára Kwara. Nígbà náà, bí ìwé olùkọ́ bá sọnù, Ìlọrin la ó ti lọ wá a, èmi sì ti lọ wá tèmi lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ̀gbọ́n mi kì í wálé lọ́wọ́ òfo. Ọdún tó ṣáájú, fáànù ló gbé wá. Lọ́tẹ̀ yìí, tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ ni, pẹ̀lú àpótí dúdú kan tó rà lọ́wọ́ òyìnbó tó ń kó ẹrù padà sílùú rẹ̀. Wáyà kan jáde lára àpótí náà, ọ̀pá kékeré kan wà lórí wáyà, bọ́tìnì pupa sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá.

Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ló kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń lò ó. Èyí àgbà, ọmọbìnrin ọdún méjìlá, sọ ara rẹ̀ di olùkọ́ fún èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ gidi. Igbó ló wà nínú géèmù náà, bí ẹ bá lè pe ìyẹn ní igbó: igi mẹ́rin, pẹ̀lú koríko tó tò lọ bí eyín òòyà. Àwọn ẹran á máa sáré kọjá láti ọ̀tún sí òsì. O máa fi ọ̀pá darí ìbọn, o máa tẹ bọ́tìnì, ẹran á ṣubú, máàkì á sì gòkè. Ẹ̀gbọ́n mi ní àgbọ̀nrín ni wọ́n. Lójú tèmi, ewúrẹ́ aládùúgbò wa tó máa ń jẹ aṣọ orí okùn ni wọ́n jọ.

Ọjọ́ méjì ni mo fi ń sọ pé nǹkan ọmọdé ni. Ọjọ́ kẹta, wọ́n gbé ọ̀pá náà lé mi lọ́wọ́, n kò sì fẹ́ gbé e sílẹ̀ mọ́. N kò ní purọ́, mo gbádùn ẹ̀. Ọmọ ọdẹ ni mí, ojú mi sì mú ju tiwọn lọ. Mo ta méje, mo ta mẹ́wàá, àwọn ọmọ ń pariwo, ẹ̀gbọ́n mi ń sọ pé kí n rọra kí n má ba ẹ̀rọ òun jẹ́. Ọyẹ́ ti mú ètè gbogbo wa gbẹ, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń yan ẹ̀pà lẹ́yìnkùlé, inú mi dùn bí ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó oṣù fún.

Ìgbà náà ni mo ta ọ̀kan tí kò ṣubú. Ó jọ pé ẹsẹ̀ ni mo bà. Ó mi ara, ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sókè, ó sì ń fi mẹ́ta yòókù tiro lọ sí òsì, díẹ̀ díẹ̀, títí ó fi wọ inú etí tẹlifíṣọ̀n, tí n kò rí i mọ́.

Mo dìde lórí àga. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti rìn dé ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n, mo bẹ̀rẹ̀, mo sì ń wo ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni mò ń wá.

Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń yí nílẹ̀. “Bàbá kékeré fẹ́ lọ gbé ẹran lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n.” Ẹ̀gbọ́n mi gan-an ń fọwọ́ nu omi ojú. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà jókòó, mo fún ọmọbìnrin náà ní ọ̀pá rẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnì kan, igbó náà sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó mọ́ tónítóní, bíi pé ẹnikẹ́ni kò ta ẹran kankan nínú ẹ̀ rí.

Láti ìgbà náà, mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi pé irú géèmù bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́ ọmọ ní ìkà. N kò gbà. Ọmọ tó ń di ẹsẹ̀ adìẹ mú fún ìyá rẹ̀ ní gbogbo ọdún, kí ni ẹran inú tẹlifíṣọ̀n fẹ́ kọ́ ọ? Pípa kọ́ ló ń dà mí láàmú. Ohun tó dà mí láàmú ni pé lẹ́yìn tí o bá ti ta á tán, kò sí ẹni tó máa bi ọ́ ní nǹkan kan.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹran tí ọdẹ ta tí kò kú, ẹran ọgbẹ́ là ń pè é, ó sì ní òfin tirẹ̀. O gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí o fi rí i. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí o kò rí i, wàá ya ẹ̀ka igi tútù, wàá fi dábùú ọ̀nà tó gbà lọ, wàá sì rìn láti ilé dé ilé, wàá sọ fún gbogbo ẹni tó ní oko lápá ibẹ̀ pé o ní ẹran ọgbẹ́ lọ́nà wọn. Kò sí ẹni tó máa bínú sí ọ. Wọ́n lè fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojú rẹ ti ń ṣú, ṣùgbọ́n wọn yóò mú ajá dání lọ sóko lọ́jọ́ kejì. Ẹran tó ń jẹ̀rora kò mọ ẹni tó ta òun. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ni yóò kọ lù. Ẹni tó bá ta ẹran ọgbẹ́ tó sì dákẹ́, a kì í kà á kún ọdẹ.

Ẹ̀rín àwọn ọmọ ló gbé bàbá mi dìde níbi tó jókòó sí níta. Ó tiro wọlé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó ní kí ló dé. Ọmọbìnrin náà rò fún un, ó tilẹ̀ fi ara ṣe àpèjúwe bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín rárá.

“Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín,” ó ní. “Ó ṣe dáadáa. Ọmọ tí mo kọ́ nìyẹn. Olùkọ́ kò lè fi ẹran ọgbẹ́ sílẹ̀ sínú igbó láé.”

Olùkọ́ ló máa ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti gba ìwé ẹ̀rí. Ó fọwọ́ lu itan rẹ̀, ibi tí ẹran ti gún un, ó wá yíjú sí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀.

“Ká ní ẹni tó ta èyí tó ṣe mí báyìí ní ìwà bíi ti bàbá yín kékeré ni, n bá ṣì máa lọ sóko. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ó mọ̀ pé òun ò ní jẹ ẹ́, ni kò ṣe wá a.”

“Ṣé kò wá bẹ̀ yín ni, Bàbá?” ọmọbìnrin náà bi í.

“Kò bẹ̀ mí rí.”

Mo ní mo fẹ́ lọ ra kẹrosíìnì. A ní kẹrosíìnì nílé.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ bàbá mi ṣẹlẹ̀, mo wà nílé fún ìsinmi. Bàbá mi lọ síbi òkú kan ní Ìyàrá, yóò sì sun ibẹ̀. Ìmàdò, ẹlẹ́dẹ̀ igbó tí ẹ mọ̀ yẹn, ti ń hú iṣu wa jẹ láti ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì rò pé bí bàbá mi bá dé tó bá bá ẹran ńlá lẹ́yìnkùlé, kò ní lè bínú pé mo mú ìbọn òun. Mo mú ṣakabùlà rẹ̀ lórí ìkọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ìmàdò kan jáde lóòótọ́, mo ta á, ó sì bà á ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ó ké, ó wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ gba ẹ̀bá oko ọ̀rẹ́ bàbá mi lọ. Mo tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé ìdí odò. Nígbà tí mo gbọ́ bó ṣe ń mí nínú pàǹtí, hẹ̀ẹ̀, hẹ̀ẹ̀, kò ju ibi tí mo ti lè sọ òkò bá a lọ, ẹsẹ̀ mi yí padà fúnra rẹ̀. Mo sáré délé. Mo nu ìbọn, mo gbé e kọ́. N kò ya ẹ̀ka igi, n kò sì sọ fún ẹnì kankan, nítorí bí mo bá sọ ọ́, wọn yóò bi mí ìbọn ta ni mo lò.

Mo ṣáà sọ fún ara mi pé ó ti kú sínú pàǹtí. Ọjọ́ kẹta, bàbá mi lọ wo iṣu rẹ̀. Ìmàdò náà jáde sí i láti inú koríko, ó sì gún un ní itan lẹ́ẹ̀mejì kí àwọn tó wà ní oko ìtòsí tó fi àdá pa á. Wọ́n fi mọ́tò gbé bàbá mi lọ sí ọsibítù ní Ẹ̀gbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba ẹ̀mí rẹ̀ là, Ọlọ́run yóò bá wa san án fún wọn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò ká mọ́ láti ọjọ́ náà, kò sì gbé ìbọn mọ́.

Àwọn tó kun ẹran náà rí egbò tó ti wà tẹ́lẹ̀ ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ọta sì wà nínú ẹ̀. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ náà wá bá bàbá mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ dé ọsibítù lẹ́yìn ìyá mi, ó ti sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Mùsùlùmí ni, oko rẹ̀ sì pààlà pẹ̀lú tiwa. Bó bá pa ìmàdò tó ń ba iṣu rẹ̀ jẹ́, bàbá mi ló máa ń pè wá gbé e, nítorí ilé wa ń jẹ ẹ́, tiwọn kì í jẹ ẹ́. Bí wọ́n ṣe ń gbé ọdún wọn nìyẹn: ẹran Iléyá ń wá sọ́dọ̀ wa, ìrẹsì Kérésìmesì ń lọ sọ́dọ̀ wọn, ìmàdò sì ń wá ní gbogbo ìgbà.

Bàbá mi wò ó, ó ní, “Ìwọ ni. Nítorí pé o ò ní jẹ ẹ́, o fi í sílẹ̀ fún mi kí ó pa mí.”

Èmi dúró nídìí fèrèsé, mo gbé abọ́ omi gbígbóná dání. Mo rò pé ọkùnrin náà máa búra, pé á pariwo, mo sì ti pinnu pé bó bá ti búra, n ó sọ òótọ́. Kò búra. Ó gbé fìlà rẹ̀ lórí àga, ó sì jáde. Nígbà tí kò ti jà, gbogbo ènìyàn gbà pé òun ni. Èmi náà sì gbé abọ́ omi mi sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹran Iléyá kò wá mọ́, ìrẹsì Kérésìmesì kò sì lọ mọ́. Ọdún mẹ́tàlá.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Mo ti fi ìyẹn tu ara mi nínú rí, pé èmi ò kúkú purọ́, ńṣe ni mo dákẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá mi yìn mí lójú àwọn ọmọ nítorí pé mo wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ojú tì mí. Mo ti lọ wá ẹran tí kò sí, n kò wá èyí tó gún bàbá mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń yá oòrùn. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó kí mi ní ìkíni ilẹ̀ wa, “Okun o, Olùkọ́. Ṣé ìdọ̀bálẹ̀ Kérésìmesì nìyí?” N kò dìde. Ilẹ̀ ni mo dojú kọ tí mo fi sọ gbogbo rẹ̀: òkú Ìyàrá, ìbọn, ẹ̀jẹ̀, ìdí odò, bí mo ṣe sáré. Nígbà tí mo parí, ó bi mí.

“Ẹsẹ̀ wo lo ta?”

“Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, Bàbá. Apá òsì.”

“Òsì ni,” ó ní, bí ẹni tó ń fi ìwé méjì wé ara wọn. “Tò. Gbé ọ̀pá mi wá.”

Mo rò pé ó fẹ́ nà mí. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni mí, mo ti ń ronú obìnrin tí n ó fẹ́, mo sì gbé ọ̀pá náà fún un, mo tún dọ̀bálẹ̀ padà kí ó lè rọrùn fún un. Ó fi ọ̀pá kàn mí léjìká pé kí n dìde, pé òun kò lè dá rìn dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ òun.

A rìn la àdúgbò kọjá, ọwọ́ rẹ̀ lórí èjìká mi. Àwọn ènìyàn ń kí wa ní okun, okun ọdún, a sì ń dáhùn. Lẹ́yìn tí a kọjá ilé ìwé, ó bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà kan ṣoṣo.

“Èyí tó tiro jáde nínú tẹlifíṣọ̀n lánàá, ǹjẹ́ wọ́n sọ fún ẹni tí ìbọn kàn?”

“Wọn kì í sọ ọ́, Bàbá. Igbó tuntun ni wọ́n máa ń fún un.”

“Kò dáa,” ó ní. A sì rìn dé ẹnu ọ̀nà ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá tán, kẹ́tùlù omi ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti darúgbó ju bàbá mi lọ, tàbí kó jẹ́ pé n kò tíì wò ó dáadáa láti ọjọ́ yìí, nítorí bí mo bá rí i lọ́nà, ọ̀nà mìíràn ni mo máa ń gbà. Ó wò wá, kò sì mọ bí òun yóò ṣe kí wa.

Bàbá mi kò jókòó. “Ọ̀rẹ́,” ó ní, “mo fi ẹnu mi ba orúkọ rẹ jẹ́. Kì í ṣe ìwọ. Ọmọ yìí ló ta á. Àárọ̀ yìí ni mo gbọ́.” Ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀, ó fẹ́ fi orúnkún tí kò ká náà kúnlẹ̀, ọkùnrin náà sì yára dìde, ó dì í mú, ó fi í jókòó sórí ẹní rẹ̀. Àwọn méjèèjì mí sókè sódò. Èmi wà nílẹ̀, ní ìdọ̀bálẹ̀, lójú ọ̀nà.

“Ọjọ́ wo lo ta á?” ọkùnrin náà bi mí. Ohùn rẹ̀ kò le.

“Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Bàbá lọ sí Ìyàrá, sà.”

“Èmi ta tèmi ní àárọ̀ ọjọ́ kejì,” ó ní. “Ìmàdò kan, nínú koríko, níbẹ̀ náà. Ó ké. Mo wá ẹ̀jẹ̀ títí oòrùn fi le, n kò rí ẹyọ kan, mo wá ní n kò bà á. Nígbà tí bàbá rẹ sọ ọ́ lọ́sibítù, mo sọ nínú ọkàn mi pé, ‘Áà, mo bà á nígbà náà.’ Kí ni mo fẹ́ fi búra?” Ó fọwọ́ kan ibi tí ìbọn máa ń wà lára ògiri rẹ̀, ìṣó nìkan ló kù níbẹ̀. “Mo gbé ìbọn náà tà. N kò lè bẹ̀ ẹ́, Ọ̀rẹ́, ojú ń tì mí. Kí ni n bá ní mo fẹ́ fi tún ẹsẹ̀ ṣe?”

Bàbá mi ti ń sunkún. N kò rí i kí ó sunkún rí, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fi pa mọ́.

Ọkùnrin náà tún yíjú sí mi. Mo ti múra sílẹ̀ de èébú. Gbogbo èébú tó bá mọ̀ ni mo fẹ́ kí ó bú mi.

“Ọdún mẹ́tàlá,” ó ní, “ìgbà márùn-ún lójúmọ́, nígbàkúùgbà tí mo bá forí kanlẹ̀, mo máa ń tọrọ àforíjì lórí ẹsẹ̀ bàbá rẹ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìwọ ń kọ́? Ṣé ìwọ náà máa ń tọrọ ẹ̀?”

Gbogbo Sunday ni mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni mo tún ń kọ́ àwọn ọmọ ní kátíkísìmù. Mo wá inú ara mi títí, bóyá n ó rí ẹyọ kan ṣoṣo.

“Rárá, sà,” mo ní. “N kò tọrọ ẹ̀ rí.”